Kíka Ebè Lórí Bẹ́ẹ̀dì

Lóru, tí iná bá ti lọ ní Kelebe,
tí Òṣogbo dákẹ́ lẹ́yìn wa lọ́hùn-ún,
mo máa ń ka ebè.
Mi ò sí lóko o. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà,
òógùn ti rẹ ìrọ̀rí, ojú mi là kalẹ̀ bí ojú ẹja.
Ebè kìíní: iṣu tí ọ̀dá pa.
Ebè kejì: iṣu tí màlúù tẹ̀ fọ́.
Ebè kẹta, owó alájẹsẹ́kù, ó ku ọjọ́ mọ́kànlélógún.
Kí n tó dé ogójì, wọ́n ti ń pe ìrun àsùbá,
màá gbé ọkọ́, màá lọ,
bí ẹni pé mo sùn.

Àwẹ̀ró ní, "O ti ń jágbe mọ́ ewúrẹ́
bí ẹni ewúrẹ́ jẹ lówó."
Mo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín.
Bàbá mi ò kúkú sọ ọ́ rí pé ó rẹ òun.
Lọ́jọ́ tó ṣubú sáàárín ebè, tọkọ́tọkọ́ lọ́wọ́,
a ní akin ni.

Ràímì ló tàn mí gun ọ̀kadà rẹ̀,
ó ní ajílẹ̀ lòun fẹ́ rà ní Ìgbóna;
ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ló já mi sí.
Nọ́ọ̀sì kékeré kan we ẹ̀rọ mọ́ mi lápá,
ó ń fún, ó ń fún, bí erè tó mú òkété.
Ó wo nọ́ńbà. Ó tún un wò.
Ó ní, "Bàbá, ta lẹ ti sọ ọ́ fún?"
Mo ní, sọ kí ni?
Omi bọ́ lójú mi níwájú ọmọ ọlọ́mọ.
Mo ní eruku ni.
Òjò ń rọ̀ níta.

Ní báyìí mò ń lo oògùn, hóró kan láràárọ̀.
Lọ́jọ́ Jímọ̀, èmi àti Ràímì a jókòó sábẹ́ igi kajú,
a ka gbèsè wa sókè síra wa,
bí ọmọ iléèwé tó ń ka ABD.
Gbèsè ò dín.
Àmọ́ lójú ọ̀sán, ó níye.

Ilẹ̀ etí odò, mi ò gbin nǹkan kan síbẹ̀ lọ́dún yìí.
Wọ́n bi mí bóyá kò ní ìlera ni.
Mo ní ó ń sùn.

Lánàá mo tún ta jí. Ebè kìíní...
Àwẹ̀ró na ọwọ́ nínú òkùnkùn:
"Kà á sókè, kí n gbọ́."
Mo kà á.
A ò dé mẹ́jọ.