Ìbéèrè MaNgidi

Aago mẹ́ta òru ní Durban.
Òkun ń hó lẹ́yìn ògiri, mi ò gbọ́ ọ;
ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ ló gba etí mi.
Ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn, ìbòmú,
aṣọ funfun tí wọ́n so látẹ̀yìn
bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ.
Mo ṣí ìgò. Èéfín òtútù bò mí lójú.

Nọ́ḿbà mẹ́rin ló wà lára ìgò náà, kò sí orúkọ.
Òfin ni: a kì í mọ ẹni tó ni ẹran.
Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé ike dání
lọ́jọ́ tí wọ́n yọ kókó ọrùn rẹ̀,
mo sì gbọ́ nígbà tó ń bi Dókítà Pillay léèrè:
"Kí ló ń ṣe níbẹ̀ gan-an, ọmọ mi?
Ogún ọdún ni mo ti ń bọ́ ọ."
Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní a ṣì ń wò ó.
MaNgidi ni. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán ní Umlazi.

A ti fi àwọ̀ ewé kun kòkòrò náà lára
kó má baà rí ibi sá sí.
Mo gbé ojú lé awò.
Ẹ wá wò ó.
Kì í kàn ṣe pé ó ń léfòó kiri nínú ẹ̀jẹ̀ bí igi inú odò.
Sójà ara kan dì mọ́ èkejì,
bí ọ̀rẹ́ tó pàdé ọ̀rẹ́ lójú ọ̀nà,
ibi tí wọ́n ti dì mọ́ra gan-an ló gbà kọjá,
láti ọwọ́ dé ọwọ́,
bí rìbá.

Ó wọlé, ó yí ìwé ara rẹ̀ sí èdè onílé,
ó rán an mọ́ àárín ìwé ìran,
rírán tí kò hàn síta,
bí ojú abẹ́rẹ́ MaNgidi lábẹ́ ọrùn aṣọ.
Lẹ́yìn náà, ó sùn.
Èyí tó bá jáde, oògùn ń dí i lọ́nà.
Èyí tó sùn ńkọ́?

Mo ń ka òkú. Iṣẹ́ mi nìyẹn.
Díẹ̀ báyìí ni kòkòrò rí ilé kọ́ sí nínú wọn.
Àwọn yòókù, àní àwọn tó pọ̀ jù,
olè kàn fọwọ́ ba ilẹ̀kùn wọn ni,
kò tilẹ̀ ríbi jókòó,
onílé ti gbúròó rẹ̀, ó ti ṣáná sí ilé ara rẹ̀.
Iná náà ń kígbe: ará àdúgbò, ẹ gbà mí o!
Wọ́n sáré dé. Iná jó wọn.
Bí ikú ilé ò bá pani...
Mi ò parí òwe yẹn lóru yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi Mandlakayise gbẹ bí igi ìdáná
kí oògùn tó dé àdúgbò wa.
Wọ́n ní wọ́n ṣe é ni. Wọ́n ní ìṣekúṣe ni.
Ìyàwó pásítọ̀ fi igi ti ife tó fi mumi sọnù.
Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni ìyá wa ń bi:
kí ló pa á?
Mo lè dáhùn báyìí, Màmá.
Àwọn sójà rẹ̀ ò sá. Ìjà tí wọn ò sá fún ló run wọ́n.
Ṣùgbọ́n ibojì ìyá mi náà ti hu koríko.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Mo da búlíìṣì sórí tábìlì, mo nù ún lẹ́ẹ̀mejì.
Lọ́jọ́bọ̀, MaNgidi á wá gba oògùn,
á jókòó sórí bẹ́ńṣì, àpá ọrùn rẹ̀ á máa dán.
Òfin ní kí n má dáhùn.
Mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu:
Màmá, ó ń sùn.
A ti mọ yàrá tó sùn sí.
Ohun tí a ò tíì mọ̀
ni bí a ó ṣe gbé e jáde
láìwó ilé.