Òòlù Adájọ́

Winnipeg, oṣù Kejìlá. Aago mẹ́rin kò tíì lù,
oòrùn ti ń ká ẹní rẹ̀.
Fruma jókòó síwájú tẹlifíṣàn,
aṣọ ìdáná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.
Adìẹ ti jinná. Àbẹ́là méjì dúró lórí tábìlì,
wọ́n ń retí iná.

Nínú tẹlifíṣàn, ẹjọ́ ń lọ:
Mendel aránṣọ, tí ọ̀gá rẹ̀ lé lẹ́nu iṣẹ́
torí kò gbà kóun fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Sábáàtì.
Lọ́yà ọ̀gá ń fi í ṣẹ̀sín:
"Ṣé Ọlọ́run ló ń bá ọ san owó ilé?"
Mendel kò fèsì. Fèrèsé kóòtù ló ń wò.
"Olúwa mi, ilẹ̀ ń ṣú. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ."
Adájọ́ wo aago. Adájọ́ wúkọ́.

Fruma mọ̀ pé gílóòbù ni oòrùn yẹn,
pé pákó lásán ló wà lẹ́yìn fèrèsé náà.
Síbẹ̀ àyà rẹ̀ ń já.

Adájọ́ gbé òòlù sókè —

Fruma bojú wo ìta:
yìnyín orí òrùlé aládùúgbò ti pọ́n bí epo.
Ó dìde, ó pa tẹlifíṣàn.
Òòlù wà lókè, kò balẹ̀.

Ó ṣáná. Ó fọwọ́ bojú, ó súre.

Ta ló jàre? Kò bi ẹnikẹ́ni.
Ohun tó ń rò bó ṣe ń bu búrẹ́dì ni pé
Mendel kò lè wọ bọ́ọ̀sì mọ́ báyìí,
ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn délé.
Ọ̀nà á jìn o.
Kó má gbàgbé ìbọ̀wọ́.