Lẹ́tà Mẹ́jọ

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì wa ní Ìlọrin
dàgbà ju àbígbẹ̀yìn mi lọ.
Tí a bá tàn án, á kọ́kọ́ hó bí ìkòkò ẹ̀wà,
kó tó to orúkọ sílẹ̀, funfun lójú aró,
kí n fi ìka yan ẹni tó kàn.

Lẹ́tà mẹ́jọ ló mọ.
Bí orúkọ rẹ bá gùn jù bẹ́ẹ̀, ìyókù dúró síta,
a kì í pè é wọlé.
Kò mọ àmì ohùn. Kò mọ ohun tí à ń fi sábẹ́ ẹ.

Mọ́rẹ́nikejì ni bàbá mi sọ mí ní Ìgbájà,
ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, títí mo fi dé.
Ẹ̀rọ ní MORENIKE.
Orúkọ gidi ni ìyẹn náà, ẹlòmíràn ló ń jẹ́ ẹ:
Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹni tí wọ́n rí kẹ́.
Ogún ọdún ni mo fi jẹ́ ẹni tí wọ́n rí kẹ́
níwájú ẹ̀rọ tí kò kẹ́ ẹnikẹ́ni.
Ẹ̀rín ni mo fi í ṣe,
títí di oṣù Ràjábù èṣí.

Ní Ìlọrin, ta ni kò bí Abdul?
AbdulRaheem ilé-iṣẹ́ omi, ará Òkèlèlé.
AbdulRahman káfíńtà, ará Pàkátà.
Ẹ ka lẹ́tà mẹ́jọ, kí ẹ dúró:
ABDULRAH
ABDULRAH
Wọ́n fara kanra bí ẹni méjì nínú sàfù kan.

Àjọkẹ́-ayé ni Rahman,
Àṣàkẹ́-ọ̀run ni Raheem;
ẹ̀rọ gé méjèèjì
níbi tí ayé àti ọ̀run ti fẹ́ yà.

Káfíńtà kú lọ́jọ́ Àlàmísì.
Ọmọ rẹ̀ mú ìwé ẹ̀rí ikú wá, a bá a kẹ́dùn,
mo yan ABDULRAH, mo tẹ ẹẹ́ta: yọ orúkọ.
Ẹ̀rọ bi mí bóyá ó dá mi lójú.
Mo ní ó dá mi lójú.
Èmi ni. Mi ò ní dá ẹ̀rọ lẹ́bi níbí yìí.

Oṣù mẹ́ta, òkú ń gbowó,
alààyè ń yáwó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.
Ìgbà tó dé kánńtà mi, agboòrùn ló fi ń tilẹ̀.
Ó ní, "Ìyá, ẹ kàn wò mí.
Ṣé mo jọ ẹni tí wọ́n ti wẹ̀?"

Mo fóònù Oyèdọ̀tun tó kọ ètò náà ní 1989.
Ó ń sin adìyẹ l'Ọ́fà báyìí; mo ń gbọ́ wọn lẹ́yìn ohùn rẹ̀.
Ó ní, "Àyè wọ́n nígbà yẹn, ọmọ mi.
Inú ẹ̀rọ yẹn kò ju inú ṣíbí.
Mo ka orúkọ tèmi, ó pé mẹ́jọ géérégé. Mo ní ó tó."
Mo kà á lórí ìka: O, y, e, d, o, t, u, n.
Ara rẹ̀ ló fi wọn aṣọ fún gbogbo ìlú.

Wáláà ọmọ kéwú náà ní etí.
Ṣùgbọ́n bí àyè bá tán, alfa á yí i, á kọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́;
n kò rí i kó dá orúkọ Ọlọ́run dúró ní ìdajì rí.

Bàbá kò pariwo. Ó ní,
"Ẹni tó ń gba owó mi yẹn, kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an?"
Mo ní AbdulRahman, ọmọ Sùmọ́nù, ilé Oníkànga.
Ó pè é tán pátá,
ó gbé agboòrùn ti kánńtà, ó tẹ́wọ́ méjèèjì.
Àwọn tó wà lórí ìlà ṣe àmín.

Oríkì rẹ̀ ni mo fi dá a padà: AKANGBE.
Ó wọlé, àyè ẹyọ kan tún kù lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú.
Kí n tó pa iná, mo fi bírò kọ "jì" sára gíláàsì
lẹ́gbẹ̀ẹ́ MORENIKE.
Bí agbálẹ̀ bá nù ún láàárọ̀,
màá tún un kọ.