Ìṣẹ́jú Márùn-ún

Marisẹ́ẹ̀lì fi ìgbànú aṣọ fún apá mi pinpin,
ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ẹ̀jẹ̀ fi dúró sójú kan.
"Ìṣẹ́jú márùn-ún," ó ní. "Má mira, ẹ̀gbọ́n."
Apá mi kú, ó dà bí apá ẹlòmíràn
tó gbàgbé rẹ̀ sórí ibùsùn yìí.
Lójú fèrèsé, Winipẹ́ẹ̀gì funfun láì sọ̀rọ̀.

Nígbà àkọ́kọ́ tí a ṣe èyí,
mo wọ̀n tó kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́jọ,
àga ilé ìwòsàn ń ké lábẹ́ mi,
okùn bàtà mi, ìyàwó mi ló ń so ó.
Ó tú ìdè náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ya wọ inú iṣan,
iṣan kò yà fún un. Ó kàn dúró gbagidi
bí onílé tó gbọ́ kíkàn ìlẹ̀kùn tí kò dìde.
Dókítà Kówásíkì bọ́ awò ojú rẹ̀:
"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni ọ́,
ṣùgbọ́n iṣan rẹ ti dàgbà tó ẹni tó bí ọ."
N kò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò pé ọgọ́ta
tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi gbé e ṣubú nílé ìwẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni páìpù omi dì nísàlẹ̀ ilé wa.
Mo jókòó tì í lóru, mo di ẹ̀rọ
tí ìyàwó mi fi ń gbẹ irun mú,
mo ń fẹ́ ooru sí i díẹ̀díẹ̀,
mo ń bẹ irin bí ẹni ń bẹ àna.

Wọ́n gé àpò oúnjẹ mi kù, ó ṣẹ́kù bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan.
Ṣíbí ẹ̀kọ mẹ́ta, mo yó, mo làágùn.
Irun mi ń já bọ́ sára ìyarun.
Awọ ikùn mi rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bí ẹ̀wù àyálò.
Màámi rí mi lójú fóònù láti Ìwó, ó figbe ta:
"Àjàgbé! Ta ló ń febi pa ọ́ nílẹ̀ òyìnbó?"
Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá sanra layé yẹ.
Báwo ni n ó ṣe sọ fún un
pé ọrọ̀ tó rí lára mi nígbà yẹn, gbèsè ni?

Ó ku díẹ̀. Marisẹ́ẹ̀lì ń ka òǹkà lédè tirẹ̀;
òun náà ní ìyá ní Ìlóílò tó ń bi í bó bá ti jẹun.
Ó tú ìdè.
Ooru sáré dé orí ìka mi
bí ọmọ iléèwé tí agogo lù fún.
Lójú ẹ̀rọ, ìlà funfun méjì, òkùnkùn láàrin wọn,
òkùnkùn náà sì ń fẹ̀,
ìwọ̀n fọ́nrán irun kan, kò jù bẹ́ẹ̀.
"Wò ó," ó ní, ó yí ojú ẹ̀rọ sí mi. "Ó ṣílẹ̀kùn."

Dókítà ní kí n má tíì jó: iṣan tó rọ̀ lè tún le.
Mo gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo so okùn bàtà mi fúnra mi,
ẹ̀ẹ̀mejì, torí ti àkọ́kọ́ kò dára.
Fóònù dún kí ọkọ̀ mi tó gbóná.
"Mo ti jẹun, màámi. Ṣíbí mẹ́rin."
Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.
Ó ní, "Mú un pé márùn-ún."