Orin Kẹtàlá

Mo ní kíóòsì onípáànù kan nítòsí Ìpàta;
níbẹ̀ ni mo ti ń kó orin sínú mẹ́mórì fún aráyé,
àádọ́ta náírà tẹ́lẹ̀, ó ti di ọgọ́rùn-ún báyìí.
Mi ò mọ orin kọ. Etí ni mo fi ń jẹun.

Ọjọ́ tí Nímọ́ta oníwàkà wọlé,
òjò ń rọ̀, mo ń fi ọ̀rá bo kọ̀ǹpútà.
Ó ní, "Sáadù, gba orin yìí, má fún mi ní kọ́bọ̀.
Tà á. Ìsun Ìdí-Ọdán ló lowó rẹ̀."

Ìsun Ìdí-Ọdán! Mo rẹ́rìn-ín.
Ta ló tún ń rántí ìsun láyé omi inú ọ̀rá?
Ẹ̀yìn ilé wa ló wà,
níbi tí ìyá mi ti ń pọn omi ìwẹ̀ mi,
níbi tí èmi náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ti ju ọ̀rá àkọ́kọ́ sí.
Mo rántí àwọ̀ rẹ̀. Búlúù. Ó léfòó, kò fẹ́ lọ.

Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.
Èmi, ọ̀rá ni mo jù síwájú.
Ojúlé kan rí mi, ó ju tirẹ̀;
mẹkáníìkì da ọ́ìlì dúdú lé e,
alápatà wá fọ ìfun.
Omi kì í bá èèyàn jà.
Ó kàn wábi gbà lọ ni,
kò sì dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn Nímọ́ta, Babárìndé dé,
ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì;
orin tirẹ̀ kò lọ́rọ̀ nínú,
ó ní omi náà kò gbọ́ èdè kan ju èkejì lọ.
Àwọn ọmọ ráàpù mẹ́ta wá láti Adéwọlé,
wọ́n jà lórí orúkọ ta ni yóò ṣáájú,
mo lé wọn síta,
wọ́n padà wá fi wàrà díndín bẹ̀ mí.
Báyìí báyìí, orin pé méjìlá.

Ó ku Baba Lágúnjù,
tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ dàdàkúàdà
kí àìsàn tó gba ọ̀nà ọ̀fun lọ́wọ́ rẹ̀.
Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó na fóònù sí mi, ojú rẹ̀ ti sán.
Mo tẹ̀ ẹ́: afẹ́fẹ́. Ikọ́ kan. Lẹ́yìn náà, tó.
Mo dúró.
Tó.
Mo rò pé fóònù ti bàjẹ́ ni.
Àṣé láti ìdájí ló ti wà nídìí ìsun,
ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú ọ̀rá kúrò,
títí ó fi gbọ́ ohun tó kù lábẹ́ rẹ̀.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ̀kán omi mọ́kànlá. Mo kà á.

Mo ní, "Baba, ta ni yóò ra èyí?"
Ó yọ ọgọ́rùn-ún náírà tó ti rún,
ó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí tábìlì mi.

Owó sìmẹ́ńtì ò tíì pé.
Ṣọ́bìrì mẹ́rin la rà, àti bárò kan tí táyà rẹ̀ ń jò.
Sátidé tó kọjá, Nímọ́ta ká yẹrí rẹ̀ sókè,
ó wọ inú ẹrẹ̀ dé orúnkún,
ó ní òun fẹsẹ̀ kan àpáta, ó tutù.

Lálẹ́, bí mo bá ti ilẹ̀kùn kíóòsì tán,
orin kẹtàlá ni mo ń gbọ́.
Láàárín ẹ̀kán keje àti ìkẹjọ,
àlàfo kan wà tó gùn ju ìyókù lọ.
Ibẹ̀ ni mo máa ń bá ọmọ kan,
ó dúró létí omi, ọ̀rá búlúù lọ́wọ́ rẹ̀,
kò tíì jù ú.