Ẹlẹ́rìí Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Òtútù Erdenet kì í kan ilẹ̀kùn, ó ń wọlé ni.
Ní òwúrọ̀ tí omi ojú ń di yìnyín kí ó tó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́,
Choijil wa ọkọ̀ rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù Dulmaa.
Ọkọ̀ náà ń wúkọ́, ó ń gbọ̀n,
bí ẹṣin arúgbó tó gun òkè láìmumi.

"Sẹ́ńsọ̀ yìí tún ti kú!" ni bàbá wí.
"Ọdún mẹ́ta péré ni mo rà á. Ta ló ń pa wọ́n?"

Dulmaa kò fèsì. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan,
ó na ọwọ́ sí ìdí sàlẹ́ńsà,
ó tú ohun kékeré kan jáde, kò ju àtàǹpàkò lọ,
ó dúdú bí ìdí ìkòkò tí a fi ìgbẹ́ màlúù dáná sí.

Ó ní: Bàbá, kò sẹ́ni tó pa á.
Iṣẹ́ ẹlẹ́rìí ni wọ́n rán an.
Wọ́n ní kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà èéfín,
kó máa tọ́ ohun tó ń jáde wò,
kó máa wí fún kọ̀ǹpútà pé epo pọ̀, epo kéré,
nínú ooru tó lè yọ́ òjé.
Ta ni yóò jókòó sẹ́nu ààrò lọ́dún mẹ́ta
tí ojú rẹ̀ kò ní ṣú?

Kí o tó tan ọkọ̀ láàárọ̀, ó dì bí òkúta.
Kó tó pẹ́, ó ti pọ́n bí ẹ̀yinná.
Ó fẹ̀, ó súnkì,
ó fẹ̀, ó súnkì,
títí ìlà kan tó tín-ín-rín ju irun ọmọ tuntun lọ
fi là á láyà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ariwo.
Ẹ́ńjìnì rẹ pẹ̀lú ti ń mu ọ́ìlì,
díẹ̀díẹ̀, bí àgbà tó ń mutí ní kọ̀rọ̀;
eérú ọ́ìlì ọ̀hún ló bò ó lójú.

Wo èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ níwájú:
waya rẹ̀ kò nípọn ju okùn aláǹtakùn,
eruku ibi ìwakùsà ti dá ẹ̀wù fún un.
Èyí tó wà nísàlẹ̀ kò tilẹ̀ ṣẹ̀,
ẹsẹ̀ waya rẹ̀ ni omi yìnyín wọ̀,
tí bàbà rẹ̀ fi hu èéhù bí ògiri kànga.

Kì í ṣe èyí tó kú ni mo ń bẹ̀rù.
Èyí tó ń darúgbó ni.
A bi í léèrè lónìí, ó fi ọ̀rọ̀ àná fèsì,
kọ̀ǹpútà gbà á gbọ́, ó ń da epo sí i,
ó ń da owó rẹ sínú afẹ́fẹ́.

Dulmaa jókòó sídìí ọkọ̀.
Ó rí téèpù dúdú kan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.
"Kí lèyí?"
Choijil gbójú sókè, ó ń wo àjà.
"Iná kan ni. Kì í jẹ́ kí n gbádùn ọ̀nà lóru."

Ìgbà náà ni Densmaa sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn,
nínú ẹ̀wù awọ àgùntàn, àpò wàrà gbígbẹ lórí itan:
"Láti ìgbà tí a ti ń rẹ́ irun ewúrẹ́
ni mo ti ń wí pé mo ń gbóòórùn epo.
Ó ní imú mi ló ti darúgbó."

Dulmaa ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ó dì tuntun mọ́ ọn, ó fọ ẹsẹ̀ waya.
Choijil fi èékánná ara rẹ̀ ṣí téèpù náà.
Iná aláwọ̀ ọsàn tàn, ó ṣẹ́jú, ó kú.
Ó wakọ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè kó tó bojú wẹ̀yìn:
"Densmaa, kí lo ń gbóòórùn?"

"Àgùntàn," ni ìyá dáhùn. "Àti ìwọ."