Kànga Ọjọ́ Kẹsàn-án

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìjì iyanrìn
ni abo ràkúnmí wa tó padà dé.
Iké rẹ̀ méjèèjì ti dẹ̀, wọ́n wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan
bí àpò tí wọ́n ti kó ìyẹ̀fun inú rẹ̀ tán.
Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀ kọjá, èyí tí a so mọ́lẹ̀,
èyí tó ti ké títí ohùn rẹ̀ fi há.
Kò wò ó.
Kànga nìkan ló ń wò.

Ìyá mi àgbà, Dulamsuren, kò pariwo.
Ó ju korobá rọ́bà sísàlẹ̀, ó ní,
"Nomuun, di okùn mú.
Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, omi là á kọ́kọ́ fún un,
ìbéèrè ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ọdún mẹ́ta ni mo ti lò ní Ulaanbaatar
níbi tí mo ti ń kọ́ ìtọ́jú ẹranko.
Wọ́n la ọpọlọ àgùntàn sí méjì lórí tábìlì onírin,
olùkọ́ fi ẹnu abẹ́rẹ́ tọ́ka sí ìsàlẹ̀ pátápátá,
ibì kan báyìí tí kò ju hóró ẹ̀pà lọ.
Ó ní, "Ibí ni ebi ń gbé. Òùngbẹ ni alábàágbé rẹ̀."
Mo rẹ́rìn-ín. Láti kékeré, ikùn ni mo ń bú!
A ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́;
a ò mọ̀ pé orí ló ti kọ́kọ́ wọ̀,
pé ikùn tó ń kùn, ìránṣẹ́ lásán ni.

Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀,
ọpọlọ ń tọ́ ọ wò
bí alásè ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò lórí ṣíbí:
iyọ̀ yìí ti ń pọ̀ jù.
Kíá, ó ránṣẹ́ sí kíndìnrín pé kó háwọ́,
ó ní kí itọ́ ki,
kí ẹsẹ̀ kúrò nídìí àlùbọ́sà igbó,
kí imú wá ibi tí ilẹ̀ gbé tutù.
Ọ̀rá inú iké náà ní iṣẹ́ tó ń rán lójoojúmọ́:
mo ṣì wà, mo ṣì wà.
Ọjọ́ tí ọ̀rá bá dákẹ́ ni ebi ń lọgun.

Ràkúnmí mu. Mo ń fà, mo ń kà:
mẹ́rin, mẹ́sàn-án, mẹ́rìnlá.
Okùn bó mi lọ́wọ́.
Ní ìkejìlélógún, ó ṣíwọ́ lójijì,
omi ń kán ní ètè rẹ̀.
Bẹ́ẹ̀ omi ọ̀hún ò tíì dé ẹ̀jẹ̀!
Ọ̀fun ló ń ka gbígbé mì,
ó ní, "Ó tó," orí sì gbà á gbọ́,
ó pa iná kí ẹ̀rí tó dé.
Ìgbà náà ni etí rẹ̀ yí.
Ìgbà náà ló gbọ́ ọmọ rẹ̀.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá àgbà.
Ó ní, "Mo mọ̀. Ó máa ń mí kanlẹ̀ bó bá ti yó."
Ó jókòó sórí òkúta.
Ètè rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ adágún tó gbẹ.
"Kí lẹ ti mu láti àárọ̀?"
"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

Kò purọ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn.
Ó wà nínú ìwé wa: lára àgbàlagbà,
iyọ̀ a máa kan ilẹ̀kùn, kan ilẹ̀kùn,
ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà a ti sùn lọ.

Mi ò bu tíì oníyọ̀ fún un. Omi kànga ni.
"Mo ní òùngbẹ ò gbẹ mí, Nomuun."
"Mo gbọ́, Ìyá. Ẹ bá mi mu ún."
Ó mu. Mo wo ọ̀fun rẹ̀, mo ń kà,
ọ̀kan, èjì, ẹ̀rin...
Ó ní, "Omi yìí ń rùn bíi rọ́bà."
Ó sì tún na ife náà sí mi.